HDMI ARC, optical, RCA àbí Bluetooth: èwo la ó fi so home theatre mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé wa n'Ìbàdàn?

Ẹni tó ra home theatre oní-sípíkà márùn-ún àti woofer kan, tó wá fi wáyà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ìró á jáde fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíkà méjì péré ló ń ṣiṣẹ́, kí woofer máa kùn bí oyin, tàbí kí òṣèré ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Wáyà tí a yàn, ihò tí a kì í bọ̀, àti ohun tí a yàn nínú Settings ló sábà máa ń fà á.

Kí ẹ tó gba Dùgbẹ̀ tàbí Ìwó Road lọ ra wáyà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, ti home theatre, àti ti díkódà. Ẹ jẹ́ kí àkọlé ara ihò kọ̀ọ̀kan hàn ketekete. Ohun mẹ́ta lẹ ń wá lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n: ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára, ihò kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ OPTICAL tàbí DIGITAL AUDIO OUT sí, àti ihò róbótó pupa àti funfun tí wọ́n ń pè ní RCA. Ẹ fara balẹ̀ ka àkọlé ti pupa àti funfun yẹn. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó wà lọ́jà báyìí, AV IN ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ni pé ìró ń gba ibẹ̀ wọlé ni, kì í gba ibẹ̀ jáde. Kò sí wáyà tí ẹ lè kì bọ ibẹ̀ tí home theatre á fi dún.

ARC àti optical

Àwọn méjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí àwọn nìkan ló lè gbé ìró sípíkà márààrún àti ti woofer jáde látinú tẹlifíṣọ̀n.

ARC bá HDMI 1.4 dé lọ́dún 2009. Wáyà HDMI kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń gbé àwòrán láti home theatre lọ sára tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń gbé ìró tẹlifíṣọ̀n padà wá sínú home theatre. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ní ihò HDMI mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní ARC nínú wọn. Lára home theatre, HDMI OUT ni ẹ ó kì í bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kì í bọ HDMI IN, torí wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí ìró ti ń wọlé, IN ló yẹ. Ara OUT ni ARC wà.

Tí wáyà bá ti wọlé, ẹ lọ sí Settings tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tan CEC, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ tí HDMI so pọ̀ máa darí ara wọn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó sọ ọ́: Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní Simplink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Bí CEC bá wà ní pípa, ARC kì í sábà dún. Lẹ́yìn náà, níbi Sound Output, ẹ yan HDMI ARC tàbí Receiver. Láti ìgbà náà lọ, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n á máa gbé ìró home theatre sókè, á sì máa gbé e wálẹ̀, bí ẹ bá sì pa tẹlifíṣọ̀n, home theatre náà á kú. Èyí ṣe pàtàkì nínú ilé tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà.

Ti eARC, tó bá HDMI 2.1 wọlé lọ́dún 2017, máa ń gbé ìró tí kò pàdánù nǹkan kan nínú bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, tó fi mọ́ Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio. Ẹni tó ń lo díìskì Blu-ray tó sì ní amplifier gidi ló máa jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé GOtv, DStv, YouTube àti Netflix ló ń wò, ARC lásán ti tó o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí eARC gba owó lọ́wọ́ yín.

Optical kì í lo iná mọ̀nàmọ́ná, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ìró inú rẹ̀. Ó lè gbé Dolby Digital tàbí DTS onísípíkà márùn-ún àti woofer, tàbí ìró onísípíkà méjì tí wọ́n ń pè ní PCM. Kò lè gbé Dolby Digital Plus tí Netflix ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ ọ́ di Dolby Digital kó tó gba ẹnu optical jáde. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kì í sábà darí ìró rẹ̀; rìmóòtù home theatre lẹ ó máa lò.

Bí ẹ bá fi dídára ìró nìkan wọn wọ́n, ARC ló borí. Ṣùgbọ́n n'Ìbàdàn, ìró nìkan kọ́ ni ká fi wọn wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tó wà lápá Béèrè, Ọjẹ́ àti Mókọ́lá, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta wà lára ògiri, àmọ́ earthing, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Iná díẹ̀ a máa jò sára irin ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti díkódà. Òun ló ń ta yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn díkódà tí ẹsẹ̀ yín sì wà lórí taìsì láìwọ bàtà. Iná kékeré yìí kan náà ló ń gba wáyà HDMI wọ home theatre, tó ń mú kí woofer máa kùn. Òun náà ló ń ba ihò HDMI jẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń kì wáyà bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì wà lórí iná. Torí náà, ẹ yọ ẹ̀rọ gbogbo kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó so HDMI èyíkéyìí. Pípa á láti ara rìmóòtù kò tó.

Ààrá tún wà níbẹ̀. Díìṣì tó wà lórí òrùlé so mọ́ díkódà, díkódà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n so mọ́ home theatre: tó bá jẹ́ HDMI la fi so gbogbo wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n di lójú iná. Bí ààrá bá sán nítòsí, ohun tó wọlé láti ara díìṣì lè ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Optical gé ọ̀nà yẹn láàárín tẹlifíṣọ̀n àti home theatre, torí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ó ṣì máa yọ wáyà díìṣì àti ti sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí òjò bá ṣú o, torí iná ààrá tún lè gba ara sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé.

Ohun tí a máa ń dámọ̀ràn nìyí: ilé tuntun tí earthing rẹ̀ dájú, tí tẹlifíṣọ̀n àti home theatre rẹ̀ ní ARC, kí wọ́n lo ARC. Ilé tí ẹ̀yìn díkódà ti ń tani, tí woofer ti ń kùn, tàbí tí ARC ti ń dún lónìí tí kì í dún lọ́la, kí wọ́n lọ ra optical. Ohun tí wọ́n máa pàdánù nínú ìró kò tó nǹkan.

Optical ní ìtọ́jú tirẹ̀. Wọ́n máa ń fi rọ́bà kékeré bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó kì í bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ní igun méjì tó gé dànù, apá kan ṣoṣo ló sì bá ihò mu. Ẹ má fipá tì í, torí ìlẹ̀kùn kékeré inú ihò lè ṣẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní títàn, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ pupa lẹ́nu kejì wáyà náà; bí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí, wáyà ti ṣẹ́ nínú tàbí kò wọlé dáadáa. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ẹ má sì gba abẹ́ ẹsẹ̀ àga kọjá pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ká a, kí róbótó rẹ̀ má kéré ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Mítà márùn-ún ní gígùn kò ní dààmú yín.

Ohun tó kù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nínú Settings, níbi Digital Audio Out, bí ẹ bá rí PCM, sípíkà méjì péré ló máa dún láti ara optical, ẹ̀yìn àti àárín á dákẹ́. Ẹ yí i sí Dolby Digital, Bitstream tàbí Auto. Ẹ tún rántí wo Settings díkódà fúnra rẹ̀, torí bí ìyẹn bá ń gbé sípíkà méjì jáde, kò sí ohun tí tẹlifíṣọ̀n lè fi kún un.

Home theatre àtijọ́ tí kò ní HDMI tàbí optical: ihò headphone àbí DAC?

Ọ̀pọ̀ home theatre oní-DVD tó wà nílé àwọn èèyàn ṣì dára gan-an. AUX IN pupa àti funfun nìkan ni wọ́n ní. Sípíkà méjì ni wáyà yìí ń gbé, ṣùgbọ́n home theatre fúnra rẹ̀ lè pín in fún sípíkà yòókù bí ó bá ní bọ́tìnnì Dolby Pro Logic tàbí Surround.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré ni wáyà tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ ti headphone, tí ẹnu kejì jẹ́ RCA méjì. Ẹ gbé ìró tẹlifíṣọ̀n sókè dé nǹkan bí 70 tàbí 80 nínú 100, kí ẹ wá máa fi home theatre dín ìró kù. Bí ẹ bá fi ti tẹlifíṣọ̀n sí 20, tí ẹ wá gbé ti home theatre sókè pátápátá, ariwo *ṣṣṣ* lẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kejì ni DAC, àpótí kékeré tó ń gba optical wọlé tó ń gbé RCA jáde. Ìró rẹ̀ mọ́ ju ti headphone lọ. Nínú èyí, ẹ fi Digital Audio Out sí PCM, torí ọ̀pọ̀ DAC kékeré kò gbọ́ Dolby rárá. Tí ẹ bá fi sí Bitstream, ó lè dákẹ́ tàbí kó máa ha. Iná 5V ló ń lò. Wọ́n á ní kí ẹ fi USB ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gbé e, ó sì rọrùn bẹ́ẹ̀, torí yóò máa tàn tí tẹlifíṣọ̀n bá tàn. Ṣùgbọ́n wáyà USB yẹn ti tún so tẹlifíṣọ̀n pọ̀ mọ́ home theatre nípa ti iná, èyí tí optical ti gé. Bí woofer bá ń kùn, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ fi ṣájà fóònù gbé e.

RCA aláwọ̀ ìyeyè ńkọ́? Ìlà 576 péré ni àwòrán rẹ̀ ní lábẹ́ ètò PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà. Lórí tẹlifíṣọ̀n 43 tàbí 55 ínǹṣì, ojú èèyàn á máa dà bí ohun tí wọ́n fi omi nù. Bí díkódà yín bá ní HDMI, ẹ lo HDMI fún àwòrán, ẹ fi RCA sílẹ̀ fún ìró.

Àṣìṣe méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni wáyà gbọọrọ tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ HDMI, tí ẹnu kejì jẹ́ RCA mẹ́ta, tí kò ní àpótí kankan láàárín. Fún díkódà àti tẹlifíṣọ̀n, kò ní ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó wù kó tà á. Ìró àti àwòrán inú HDMI jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná. Èkejì ni àpótí kékeré fúnra rẹ̀: HDMI to AV yàtọ̀ sí AV to HDMI. Àwọ̀ wọn lè jọra, àpò wọn lè jọra, ṣùgbọ́n ìyíkadà kò sí. Láti ara díkódà tuntun lọ sára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, HDMI to AV lẹ fẹ́. Láti ara DVD àtijọ́ lọ sára tẹlifíṣọ̀n tuntun, AV to HDMI ni.

Díkódà míì máa ń gbé AV jáde láti inú ihò kan bí ti headphone. Wáyà rẹ̀ ní òrùka dúdú mẹ́ta lẹ́nu, kì í ṣe méjì. Àwọn tó ń ṣe é kì í tẹ̀ lé ètò kan náà, torí náà bí ẹ bá gbọ́ ìró *bùùù* níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi pupa sí ihò ìyeyè, kí ẹ fi ìyeyè sí ihò pupa. Bí kò bá tún dáa, wáyà náà kò bá díkódà yín mu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bluetooth

Orin ni kí ẹ máa fi gbọ́, ẹ má fi wo fíìmù. Sípíkà méjì ló ń gbé, ìró rẹ̀ sì sábà máa ń pẹ́ tó ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú á rí i pé ẹnu àti ọ̀rọ̀ kò bára mu. Audio Delay inú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò lè wò ó sàn, torí ńṣe ló ń dá ìró dúró sí i, kò lè tì í síwájú.

Díkódà: ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àbí ẹ̀yìn home theatre?

Bí home theatre yín bá ní HDMI IN, ẹ lè kì díkódà bọ ibẹ̀ kó tó dé tẹlifíṣọ̀n. Ìró á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa lò ó, tẹlifíṣọ̀n kò sì ní rí i bù kù. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹ bá pa home theatre, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí àwòrán kọjá mọ́. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí ẹ sì fẹ́ fi ínfátà kékeré wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan, ẹ ó ní láti tan home theatre náà. Tó bá tún jẹ́ home theatre tó ti pẹ́, tí kò mọ HDCP 2.2 (ètò tó ń dènà àdàkọ fíìmù), ohun tó bá jẹ́ 4K lè mú kí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Fún ilé tí iná kì í dúró, a gbà pé kí gbogbo ẹ̀rọ kó ara wọn sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ARC tàbí optical wá gbé ìró lọ. Wáyà HDMI mítà kan àbọ̀ sí mẹ́ta ti tó. High Speed ti tó fún díkódà HD. Fún 4K tí ń lọ ní àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Premium High Speed ni kí ẹ bèèrè. Bí ó bá gùn ju mítà márùn-ún lọ, 4K lè máa já. Góòlù tí wọ́n kùn ún lẹ́nu kò fi nǹkan kan kún àwòrán.

Wáyà sípíkà: bàbà gidi àbí alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ jẹ́ ká wọn pálọ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́rin sí márùn-ún, tí tẹlifíṣọ̀n wà láàárín ògiri kúkúrú. Wáyà sípíkà ẹ̀yìn kan á rin mítà méjì dé igun, márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti mítà kan àbọ̀ gòkè. Ẹ ra mẹ́wàá. Ti ẹ̀yìn méjì jẹ́ ogún, ti iwájú méjì jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, ti àárín jẹ́ méjì. Mítà ọgbọ̀n ni kí ẹ rà, kí díẹ̀ ṣẹ́kù.

Bàbà gidi 1.5 mm² ló yẹ fún gígùn yìí. Lórí mítà mẹ́wàá ní àlọ àti àbọ̀, ìdènà rẹ̀ kò pé ìdá mẹ́rin Ω (ohm, òṣùwọ̀n ìdènà iná) kan, kò sì dí sípíkà 6Ω lọ́wọ́. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò, tí wọ́n ń kọ CCA sí lára, dènà tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti bàbà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó ra 2.5 mm² dípò 1.5. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ fi abẹ ha okùn tín-ín-rín kan nínú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù ni. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì tètè ń já tí ẹ bá ń ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn.

Wáyà yìí ní ìlà tàbí àwọ̀ lára ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ náà jẹ́ pupa fún gbogbo sípíkà, kí èkejì jẹ́ dúdú. Bí ẹ bá ṣi sípíkà kan ṣoṣo so, kò ní jóná, àmọ́ báàsì á rá, ọ̀rọ̀ á sì dà bí ẹni pé kò ní ibi kan pàtó tó ti ń wá. Ẹ lọ́ okùn rẹ̀ pọ̀ dáadáa kí ẹ tó kì í bọ̀. Okùn kan ṣoṣo tó bá kan ìkejì lè mú kí home theatre kọ PROTECT sójú kó sì dákẹ́.

Ẹ ka Ω tó wà lára sípíkà àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun. Ọ̀pọ̀ home theatre jẹ́ 3Ω tàbí 4Ω. Bí ẹ bá fi 8Ω sí i, ìró á kàn dínkù; ṣùgbọ́n bí ẹ bá so sípíkà méjì papọ̀ sórí ihò kan, Ω wọn á pín sí méjì, amplifier á gbóná, ó sì lè jó.

Iná

1000W tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ẹ wo Power Consumption lẹ́yìn rẹ̀, òun lẹ ó fi yan stabiliser àti ínfátà. Ínfátà tí wọ́n kọ pure sine wave sí ló dára fún home theatre. Ti modified máa ń mú kó kùn, ó sì ń mú transformer inú rẹ̀ gbóná. Bí NẸ́PÀ bá mú iná dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tan ohunkóhun, torí ìgbà náà ni iná máa ń lọ sókè sódò. Stabiliser tó ní delay máa ṣe èyí fún yín.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní síso tí kò dún

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìró ti ń bọ̀. Ẹ fi sípíkà tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ wò. Bí ó bá dún níbẹ̀, ẹ wo ojú home theatre: orúkọ ihò tí ẹ lò ni ó gbọ́dọ̀ kọ, yálà ARC, OPTICAL, D.IN tàbí AUX. Tí ó bá kọ DVD tàbí FM, ẹ fi rìmóòtù yí i. Bí ó bá jẹ́ ARC, ẹ pa àwọn ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ yọ wọ́n kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́, kí ẹ tó tan home theatre. Ìkíni láàárín wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀, ló máa ń dà rú lẹ́yìn tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lójijì, ìsinmi kúkúrú yìí ló sì sábà máa ń tún un ṣe. Bí kò bá dún síbẹ̀, ẹ dán wáyà HDMI míì wò kí ẹ tó pe àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.